Ọ̀rọ̀ tí Káfíńtà Bá Ilẹ̀kùn Sọ

“Jẹ́ kí n sọ ọ́ tán ná kó o tó bínú,” ni Káfíńtà wí fún ilẹ̀kùn pákó tó wà lẹ́yìn rẹ̀, ó sì di sítíárì mú gírígírí. Lọ́wọ́ òsì, òkun wà nísàlẹ̀ jíjìn réré, ó ń dán yinrin. Lọ́wọ́ ọ̀tún, àpáta ni, kò sí ibi tí ewúrẹ́ pàápàá lè yà sí. “Mo mọ̀ pé o ò sùn. Tó o bá sùn, o máa ń hanrun.”

Ilẹ̀kùn ò dáhùn. Ìyẹn ò ya Káfíńtà lẹ́nu. Aránṣọ ìyàwó rẹ̀ kì í pariwo tínú bá bí i, ṣe ló máa ń panu mọ́. Ó ti panu mọ́ fún ọjọ́ mẹ́sàn-án gbáko rí, nítorí àga kan tí ọkọ rẹ̀ tà láìsọ fún un.

Bọ́ọ̀sì àtijọ́ lọkọ̀ tó ń wà yìí tẹ́lẹ̀. Ó lé lọ́dún kan tí Káfíńtà fi tú ìjókòó inú rẹ̀, tó kan bẹ́ẹ̀dì, tó kan kọ́bọ́ọ̀dù, tó kan tábìlì tó ṣeé ká pọ̀, tó sì fi pákó tó ní ilẹ̀kùn dí àárín iyàrá náà àti ibi tí awakọ̀ ń jókòó. Aránṣọ rán kọ́tìnì, ó rán ìrọ̀rí. Àwọn aládùúgbò fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ títí, wọ́n ní àgbà méjì fẹ́ lọ máa ṣe bí ọkọ ìyàwó àti ìyàwó. Ohun tí Káfíńtà sọ fún ìyàwó rẹ̀ ni pé wọ́n á kàn máa wo òkun lọ fún ọjọ́ mẹ́rin, kí wọ́n sinmi. Kò parọ́ o. Àmọ́ kò sọ ọ́ tán. Ìlú tí Jẹ́jẹ́, ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, ń gbé ló wà níparí ọ̀nà náà.

Ìnagijẹ ni Jẹ́jẹ́. Wọ́n sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ torí pé láti kékeré, kò sí nǹkan kan tó mọ̀ ọ́n ṣe jẹ́jẹ́. Lọ́dún méjì sẹ́yìn, nígbà tí ìyá rẹ̀ ti gé aṣọ ìgbéyàwó rẹ̀, tó tiẹ̀ ti ń fọwọ́ rán ìlẹ̀kẹ̀ sí i lọ́rùn, ọmọ yìí gba kóòtù lọ lọ́jọ́bọ̀ kan, ó wọ aṣọ tó yá lọ́wọ́ ọ̀rẹ́, ó ṣègbéyàwó, ó wá fi fọ́tò ránṣẹ́. Aránṣọ wo fọ́tò náà. Ó ká aṣọ tó ń rán, ó tì í sínú àpótí, ó ní òun ò lọ́mọ mọ́. Látọjọ́ náà, ẹni tó bá pè é ní Ìyá Jẹ́jẹ́, kò ní dá a lóhùn. Ọkọ tó sì ti ń pè ní Bàbá Jẹ́jẹ́ látọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, ó bẹ̀rẹ̀ sí í pè é ní Káfíńtà, bí oníbàárà tó wá gba àga. Ó dun ọkùnrin náà. Ó dùn ún ju bó ṣe lè sọ lọ.

Láàárọ̀ yẹn, nílé epo, Aránṣọ dúró tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀, ó ní, “Káfíńtà, ibo gan-an lọ̀nà yìí parí sí?”

“Ibi tí òkun bá parí sí.”

Obìnrin náà wò ó látòkè délẹ̀. “Àtọjọ́ tẹ́ ẹ ti kan ìṣó àkọ́kọ́ mọ́ ọkọ̀ yìí lẹ ti ń fi nǹkan pamọ́ fún mi. Mo ń lọ sùn. Ẹ má pè mí.”

Káfíńtà wọlé lọ sanwó epo. Nígbà tó jáde, ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ọkọ̀ ti wà ní pípadé. Ó gun ìjókòó rẹ̀, ó ṣíná ọkọ̀, ó lọ. Nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá ló fi dákẹ́ kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, torí ó rí i pé ó sàn kóun sọ ọ́ báyìí tí ojú àwọn méjèèjì ò ṣe mẹ́rin.

“Ọ̀dọ̀ Jẹ́jẹ́ là ń lọ,” ló sọ fún ilẹ̀kùn. “Mo ti ń bá a sọ̀rọ̀. Gbogbo ọjọ́rú, gbogbo ọjọ́ Àìkú. Màá tan ẹ̀rọ ìlàgi sílẹ̀ kó o lè rò pé iṣẹ́ ni mò ń ṣe, màá wá bọ́ sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù.” Ó sọ bí ọmọ náà ṣe máa ń sunkún. Ó sọ pé ọkọ rẹ̀, tíṣà kan báyìí, èèyàn jẹ́jẹ́ ni, ó máa ń fọ abọ́. Ó sọ̀rọ̀ títí ọ̀fun rẹ̀ fi gbẹ. Ó wá ku èyí tó wúwo jù.

“Ọmọ ti wà nílẹ̀,” ló sọ nígbẹ̀yìn. “Oṣù mẹ́fà. Ó fẹ́ sọ fún ọ lọ́jọ́ tó bímọ gan-an, èmi ni mo ní kó ṣe sùúrù, kí n kọ́kọ́ tù ọ́ lójú. O ti di ìyá àgbà látoṣù mẹ́fà, èmi ni mi ò jẹ́ kó o mọ̀.”

Bó ṣe sọ ọ́ tán báyìí ni ọkùnrin kan tó di àsíá pupa mú dá a dúró. Àwọn òṣìṣẹ́ ń da ọ̀dà sójú títì, apá kan ṣoṣo ni ọkọ̀ lè gbà. Káfíńtà dúró fún bí ìṣẹ́jú márùn-ún láàárín èéfín ọ̀dà. Kò lè bojú wẹ̀yìn. Nígbà tí wọ́n ní kó máa lọ, ó lọ.

Kò pẹ́ tí táyà ẹ̀yìn já sí kòtò. Ó gbọ́ tí abọ́ já lulẹ̀ gbàrà nínú iyàrá, tí ó sì fọ́.

“Màdáámù, ṣé kò sí o?”

Kẹ́kẹ́ pa. Abọ́ wọ̀nyẹn, Aránṣọ fi aṣọ wé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan ni kí wọ́n tó kúrò nílé. Bó ti wù kínú bí obìnrin náà tó, abọ́ ò lè fọ́ kó má ṣe hà. Ìgbà yẹn ni ara Káfíńtà kọ́kọ́ bù máṣọ.

Ó rí ibi fẹ̀ǹfẹ̀ kan níwájú, níbi táwọn èèyàn ti máa ń dúró wo òkun. Ó yà síbẹ̀. Ó kan ilẹ̀kùn tó fọwọ́ ara rẹ̀ kàn, ẹ̀ẹ̀mẹta, bí àlejò. Ó ṣí i. Wọ́n ti tẹ́ bẹ́ẹ̀dì dáadáa, kò sẹ́ni tó sùn sí i. Báàgì ìyàwó rẹ̀ wà lórí ìrọ̀rí, awò ojú rẹ̀ wà níbẹ̀, fóònù rẹ̀ wà níbẹ̀. Ike oògùn ikọ́ fée rẹ̀, èyí tó máa ń fà sẹ́nu nígbà tí èémí bá ń há a, òun náà wà níbẹ̀. Bàtà sílípáàsì rẹ̀ nìkan ni ò sí.

“Mo gbé o,” ni Káfíńtà wí. Ó jókòó lé etí bẹ́ẹ̀dì.

Ó dìde, ó yẹ ilẹ̀kùn ẹ̀yìn wò. Ó wà ní pípadé lóòótọ́, àmọ́ kò sẹ́ni tó fi ìkọ́ há a látinú. Ó rántí ibi àsíá pupa. Ìṣẹ́jú márùn-ún. Ó dájú pé ìyàwó rẹ̀ ti gbọ́ gbogbo rẹ̀, ló bá sọ̀ kalẹ̀. Ó sọ̀ kalẹ̀ sáàárín èéfín ọ̀dà yẹn láìmú oògùn, ó ń fẹsẹ̀ rìn létí ọ̀gbun. Káfíńtà gbé fóònù tirẹ̀ wò, kò sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Àpáta ti dí i.

Ẹ̀ẹ̀meje ló lọ síwájú tó tún padà sẹ́yìn kí ọkọ̀ gígùn yẹn tó yí. Lẹ́ẹ̀kan, ìdí ọkọ̀ yọ kúrò lórí ilẹ̀ síta, òkun ló wà lábẹ́ rẹ̀. Tó bá jẹ́ ọjọ́ mìíràn ni, ẹ̀rù á bà á. Lọ́jọ́ yẹn kò ráàyè.

Nígbà tó padà débi àsíá pupa, ó yọrí síta. “Ẹ jọ̀ọ́, ìyàwó mi. Ó wọ búláòsì pupa. Ibo ló gbà?”

Ọkùnrin náà wo ojú rẹ̀. “Bàbá, kò sẹ́ni tó sọ̀ níbí. Ẹ̀yin nìkan la rí. Ẹ ń sọ̀rọ̀, ẹ ń mi orí, a ní bóyá ẹ ń gbàdúrà ni.”

Káfíńtà dúpẹ́, àmọ́ ọ̀rọ̀ náà ò fi í lọ́kàn balẹ̀ rárá. Bí kò bá sọ̀ níbí, ibo ló wà? Ṣé ilẹ̀kùn tí kò há yẹn ló ṣí níbi tọ́nà ti yí bírí? Ó wá ń rọra wakọ̀ bí ìgbín. Gbogbo ibi tọ́nà bá ti yí ló ń dúró sí, á sọ̀, á dojú délẹ̀ wo àwọn àpáta létí omi. Níbì kan, ó rí ohun pupa kan láàárín òkúta, ìgbì ń tì í síwá sẹ́yìn. Ó tẹjú mọ́ ọn títí omi fi yí i padà, ó wá rí i pé garawa ike ni. Ó sunkún níbẹ̀, ojú ò tì í.

Fóònù dún nígbà tó ń gun ọkọ̀ padà. Jẹ́jẹ́ ni.

“Bàámi! Ibo lẹ wà? Ó ti di ìgbà kẹtàlá tí mo ti ń pè yín! Màmá wà nílé epo, ẹ gbàgbé wọn síbẹ̀!”

“Ilé epo?”

“Wọ́n ti wà níbẹ̀ látàárọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yára, èémí wọn ò já geere.”

“Ta ló sọ fún ọ?”

Ohùn ọmọ náà wá lọ sílẹ̀, èyí tí kì í ṣe ìwà rẹ̀. “Àwọn gan-an ni wọ́n fi fóònù ẹlòmíì pè mí.”

Orí àpótí ọtí kan tí wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀ ló bá Aránṣọ, lábẹ́ òrùlé ilé epo, kóòtù obìnrin tó ń ta epo wà léjìká rẹ̀, ife tíì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Èjìká rẹ̀ ń lọ sókè sódò. Káfíńtà sáré, ó fún un ní ike oògùn. Ó fà á lẹ́ẹ̀kan, ó fà á lẹ́ẹ̀kejì, ó pajú dé. Ọkọ rẹ̀ dúró tì í títí èémí obìnrin náà fi rọlẹ̀.

“Ẹ kàn gbéra, ẹ lọ báyẹn,” ni Aránṣọ wí.

“Mo rò pé o ti wọlé.”

“Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ni mo kọ́kọ́ lọ. Mo jáde, mo ń juwọ́, mo ń ké. Ká ní ẹ wo dígí lẹ́ẹ̀kan péré!”

“Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ ló gbà mí lọ́kàn.”

“Ta lẹ fẹ́ sọ ọ́ fún?”

“Ìwọ náà ni.”

Ó wò ó, ló bá bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì di ikọ́. “Ẹ gbà mí o! Ẹ ń bá pákó sọ̀rọ̀. Ó dáa, mo ti wà níbí báyìí. Kí lẹ fẹ́ sọ?”

Ohun tó rọrùn láti sọ fún ilẹ̀kùn wá di òkúta lẹ́nu Káfíńtà. “Mo ti ń bá Jẹ́jẹ́ sọ̀rọ̀,” ló wí.

“Ìyẹn mo mọ̀. Ta ló ń tan ẹ̀rọ fún ogójì ìṣẹ́jú tí kò ní sí ìyẹ̀fun pákó nílẹ̀? Èmi ni mo ń gbálẹ̀ ṣọ́ọ̀bù yẹn. Mo kàn ń retí ọjọ́ tẹ́ ẹ máa sọ ọ́ ni.”

Káfíńtà ní, “Kí ló dé tó ò pè mí, tó jẹ́ òun lo pè?”

“Mi ò mọ nọ́ńbà yín lórí.”

“Lẹ́yìn gbogbo ọdún yìí!”

“Láìnì mẹ́rin lẹ ti pààrọ̀. Inú fóònù lẹ wà, fóònù sì wà nínú ọkọ̀. Nọ́ńbà kan ṣoṣo ló wà lórí mi.” Ó tẹjú mọ́ inú ife tíì. “Mo máa ń tẹ̀ ẹ́. Tí mo bá tẹ̀ ẹ́ tán, màá pa á rẹ́. Mi ò jẹ́ kó dún rí, àfi tòní.”

Káfíńtà jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

“Ó gbé e, ó ní ta nìyẹn. Mo ní èmi ni. Kò lè sọ̀rọ̀, èmi náà ò lè sọ̀rọ̀.” Ó gbé ife náà sílẹ̀. “Mo wá gbọ́ tí nǹkan kan ń ké lẹ́yìn rẹ̀.”

“Ó ku ọ̀rọ̀ kan tí mo bá ilẹ̀kùn sọ,” ni Káfíńtà wí.

“Ẹ dákẹ́ ná.”

Wọ́n dá kóòtù padà, wọ́n dúpẹ́. Aránṣọ ò lọ sí ẹ̀yìn ọkọ̀, iwájú ló jókòó sí, ó sì gbé báàgì rẹ̀ sẹ́sẹ̀. Káfíńtà wakọ̀ dé ẹnu títì, ó dúró. Ọwọ́ ọ̀tún ni ilé. Ọwọ́ òsì ni òkun, àti ọ̀nà tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn, àti ìparí rẹ̀. Kò mọ èyí tóun máa yà sí, kò sì láyà láti béèrè. Ọkọ̀ kan fun fèrè lẹ́yìn wọn. Kò mira.

“Bàbá Jẹ́jẹ́,” ni obìnrin náà wí.

Ọdún méjì.

Aránṣọ ò wojú rẹ̀. Ó ti tẹ́ ọwọ́ òsì sórí itan, ó ń fi ìka wọn nǹkan látorí àtàńpàkò dé ìka kékeré, bó ṣe máa ń ṣe nídìí tábìlì kó tó fi sísọ́ọ̀sì sáṣọ. Ó wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kan, ó rò ó, ó tún fi díẹ̀ kún un.

“Ọmọ náà,” ló wí, “ṣé ó sanra?”