Ọwọ́ Kì í Ṣe Kóńdó

“Bí ọkùnrin kan bá lè rí ẹyọ kan péré nínú àwọn obìnrin tí mo fi pamọ́, kí ẹ má pè mí ní Morádéyọ̀ mọ́!”

Gbọ̀ngàn ìlú Ìwó mì tìtì. Ẹ̀rọ gbohùngbohùn han fíìn, bí ẹni pé òun náà fẹ́ jiyàn, àmọ́ Morádéyọ̀ fọwọ́ gbá a lórí, ó sì dákẹ́. Ohun kan ṣoṣo tó fọwọ́ gbá láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1988 nìyẹn.

Oṣù mẹ́jọ gbáko ni òṣìṣẹ́ ìjọba yìí ti fi ń gun fẹ́sípà láti Ìwó dé Kuta, láti Kuta dé Ilé-Ogbó, tó ń wá ilé tí obìnrin tí ọkọ rẹ̀ ń lù lè sá sí. Ilé bàbá ẹni ni ọkọ máa ń kọ́kọ́ wá ẹni dé. Bàbá á ní kí ọmọ òun lọ ṣe sùúrù, yóò sì fà á lé ọkọ lọ́wọ́ kí ilẹ̀ tó ṣú. Ìdí nìyẹn tí Morádéyọ̀ fi dá ọgbọ́n tirẹ̀: ará Kuta á sá wá sí Ìwó, ará Ìwó á gba Ilé-Ogbó lọ, ti Ilé-Ogbó á forí lé Kuta. Orúkọ àwọn onílé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà nínú ìwé kan tí kì í kúrò nínú àpamọ́wọ́ rẹ̀. Bó bá ń wẹ̀ ńkọ́? Ara ilẹ̀kùn balùwẹ̀ ló ń gbé àpamọ́wọ́ kọ́.

Lónìí, wọ́n ń ṣí ètò náà fún gbogbo ayé. Ọ̀gá wọn obìnrin ti dé láti Ìbàdàn, ó kó ọgọ́rùn-ún fìlà funfun wá, wọ́n fi lẹ́tà pupa kọ ỌWỌ́ KÌ Í ṢE KÓŃDÓ sí iwájú wọn. Ọkùnrin tó bá búra pé òun ò ní lu ìyàwó òun mọ́ ló ń gba ọ̀kan. Morádéyọ̀ ti mú àpẹẹrẹ rẹ̀ yí ká ilé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ́sẹ̀ tó kọjá. “Bí ẹ bá ti rí fìlà yìí,” ló wí fún wọn, “ẹni tiwa ni.”

Ọkùnrin kan tó wọ dàńṣíkí aláwọ̀ ewé ló jókòó níwájú pátápátá. Kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́ tó o. Òun náà ló kọ́kọ́ dìde láti búra. Inú Morádéyọ̀ dùn débi pé ó fọwọ́ ara rẹ̀ dé fìlà fún un, ó tún un ṣe kó má baà wọ́. Ayàwòrán yà wọ́n.

“Àǹtí wa, Ọlọ́run á dá yín lọ́lá,” ni ọkùnrin náà wí. “Àmọ́ ibi tí ẹ ń kó àwọn obìnrin wọ̀nyí sí, ṣé wọ́n ń jẹun yó níbẹ̀?”

“Wọ́n ń jẹ ju ẹ̀yin gan-an lọ, sà!”

Gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín. Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín jù wọ́n lọ.

Ìgbà náà ni Abdulganiyu, olóòtú ìjókòó, gba gbohùngbohùn. Kò sí ìsọmọlórúkọ, kò sí ìpàdé àwọn tó ti Mẹ́kà dé, tí Abdulganiyu kì í darí rẹ̀ ní Ìwó, kò sì jẹ́ kí wọ́n tú ká rí láìdúpẹ́ lọ́wọ́ onílé.

“Ẹ̀yin èèyàn mi, a kì í jẹun tán ká má mọ ẹni tó sè é. Àwọn wo ló ṣílẹ̀kùn fún àwọn ọmọ wa? Ẹ dìde ká rójú yín!”

Morádéyọ̀ mi orí, ó ju ọwọ́, gbogbo ara rẹ̀ ń sọ pé rárá. Ọ̀gá tó ti Ìbàdàn wá fà á láṣọ. “Jókòó, jàre. Ẹni tó bá ṣe rere, ṣebí ó yẹ ká yìn ín?”

Àlàájà Wosilat, ọ̀kan nínú àwọn onílé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ti wà láàárín àwọn obìnrin pẹ̀lú léèsì tuntun tó rán fún ọjọ́ yìí. Kí ló fẹ́ ṣe? Bí wọ́n bá pe olóore ní Ìwó tó ò dìde, lọ́la ni wọ́n á ní o ò ṣoore kankan rí. Ẹsẹ̀ rẹ̀ dìde kí ọkàn rẹ̀ tó mọ̀.

“Èmi rèé o! Ilé Àfáà Yísà, ẹ̀yìn ilé kéwú, níbi igi ọsàn. Ará Kuta ló wà lọ́dọ̀ mi. Ọmọ dáadáa! Mo fi í sílẹ̀ nílé pẹ̀lú ìyá ọkọ mi, iyán àlejò ló ń gún lọ́wọ́!”

Àtẹ́wọ́ gba ilé kan. Ẹyin lohùn. Morádéyọ̀ wolẹ̀ bí ẹni tó ń wá ibi tó fọ́ sí. Nígbà tó gbójú sókè, àga iwájú ti ṣófo.

“Ta ló jókòó síbí?” ló bi ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga náà.

“Mùkáílà ni, onípákó ará Kuta. Ó ní òun fẹ́ tètè lọ sọ fún ìyàwó òun pé òun ti yí padà.”

Mùkáílà. Kó tó di òní, Morádéyọ̀ ò rí i sójú rí, àmọ́ ó mọ orúkọ náà. Òun ló fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ tí Ṣẹ̀fíátù ti Kuta dé, tí ojú òsì rẹ̀ ò ṣeé là.

Ó sáré síta. Ọkọ̀ ọ̀gá ti dí fẹ́sípà rẹ̀ mọ́ ara ògiri, dírẹ́bà sì ti lọ kírun Àìlà. Ó ká ìró sókè, ó fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Àwọn tó dúró lẹ́nu ọ̀nà pàtẹ́wọ́ fún un. Wọ́n rò pé ara eré ọjọ́ náà ni.

Nígbà tó dé ẹ̀yìn ilé kéwú, odó wà láàárín àgbàlá, iyán inú rẹ̀ ṣì ní kókó. Ọmọ odó ti yí lọ sídìí ògiri. Ìyá àgbà, ìyá Àfáà Yísà, jókòó sórí ẹní lábẹ́ igi ọsàn, ó ń ka tẹ̀sùbáà.

Kí Morádéyọ̀ tó mí délẹ̀, àwọn yòókù ti ya wọlé tọ̀ ọ́.

“Ìwọ lo ní kí n dìde!” ni Àlàájà kọ lu Abdulganiyu.

“Mo ní kẹ́ ẹ dìde ni! Ṣé mo ní kẹ́ ẹ júwe ilé?”

“Ẹ fara balẹ̀,” ni ọ̀gá wí. “A ó kọ̀wé sí Ìbàdàn.”

“Mà,” ni Morádéyọ̀ wí, “ṣebí ẹ̀yin ni Ìbàdàn.”

Morádéyọ̀ kúnlẹ̀ síwájú ìyá arúgbó náà.

“Ìyá, ṣé Ṣẹ̀fíátù ò sá ni?”

“Ó sá. Bó ti gbọ́ kàn-án kàn-án lẹ́nu ọ̀nà ló ti kó sí yàrá mi, ó ti ilẹ̀kùn mọ́rí.”

“Báwo ló ṣe wá jáde?”

“Èmi ni mo yọjú wo ẹni náà. Mo ní kó jáde, kó má bẹ̀rù.”

“Ẹ̀yin, Ìyá? Kí ló dé?”

Ìyá àgbà fi ọwọ́ sún ilẹ̀kẹ̀ tẹ̀sùbáà kan kọjá.

“Ó dé fìlà yín.”