Àmì Kan Lórí Òpó

Ìyá Àmì ni gbogbo ilé ìgbìmọ̀ ìlú ń pè é, láti orí alága títí dé orí ẹni tó ń nu ilẹ̀. Ọdún mọ́kàndínlógún ló ti fi ń jókòó sí ẹ̀gbẹ́ tábìlì àwọn káńsẹ́lọ̀, tó ń gbọ́ gbogbo ohun tí wọ́n ń sọ, tó sì ń kọ èyí tó bá yẹ ní kíkọ sílẹ̀. Wọn ì báà fi wákàtí méjì jà lórí ibi tí wọ́n máa gbé agolo ìdọ̀tí sí, ìlà méjì péré ló máa fi kó ìjà náà sínú ìwé, àwọn tó jà gan-an á sì kà á, wọ́n á ní bẹ́ẹ̀ ló rí. Ṣùgbọ́n tí ọ̀rọ̀ kan bá wà nínú ìwé tí kò ní àmì ohùn tó yẹ kó ní, oúnjẹ kì í lọ lọ́nà ọ̀fun rẹ̀. Ó ti dá lẹ́tà padà fún alága fúnra rẹ̀ rí, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé igbá ni kí wọ́n rà, àbí igba? Èmi kì í ṣe aríran." Ọjọ́ náà ni wọ́n sọ ọ́ ní Ìyá Àmì, orúkọ náà sì dùn mọ́ ọn nínú ju bó ṣe ń fi hàn lọ.

Òfin kan wà ní ọ́fíìsì wọn: ẹnì kan á kọ, ẹlòmíì á wò. Ẹni tó kọ ìwé ìpàdé á fi báírò dúdú fọwọ́ sí i. Ẹni tó wò ó á tún àṣìṣe ibẹ̀ ṣe, á sì fi báírò aláwọ̀ ewé kọ lẹ́tà orúkọ rẹ̀ sí ìsàlẹ̀. Tí aláwọ̀ ewé bá ti débẹ̀, ọ̀rọ̀ ti parí, ìwé lè jáde. Ọ̀dọ̀ Ìyá Àmì ni báírò aláwọ̀ ewé yẹn ń gbé, kò sì yá ẹnikẹ́ni rí.

Bẹ́ẹ̀ ni nǹkan rí kí Ọwọ́-Yá tó dé.

Akọ̀wé tuntun ni ọmọbìnrin náà, kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún. Tó bá ń tẹ kọ̀ǹpútà, bí òjò tó ń rọ̀ sórí páànù ló ń dún. Kí àwọn káńsẹ́lọ̀ tó sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn lẹ́yìn ìpàdé, ó ti tẹ ìwé ìpàdé tán, ó ń wá omi mu. Tẹ́lẹ̀, tí káńsẹ́lọ̀ kan bá ń wá ìpinnu àtijọ́, ìdí tábìlì Ìyá Àmì ló ń wá. Obìnrin náà á di ojú, á ronú díẹ̀, á wá sọ ọdún àti oṣù fún un, nígbà míì á tún sọ ẹni tó takò ó. Ní báyìí, ìdí tábìlì Ọwọ́-Yá ni wọ́n ń lọ. Ọmọ náà á tẹ bọ́tìnnì kan, ìwé náà á yọ jáde. Ohun tí Ìyá Àmì fi ọdún mọ́kàndínlógún kó sórí, bọ́tìnnì kan ti gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà, ohun tó máa ń sọ fún ara rẹ̀ nìyẹn. Ṣùgbọ́n ta ló ń wá àkísà kiri lóde òní?

Èyí tó burú jù ni pé ìwà ọmọ náà dára. Ì bá ṣe pé ó ń gbéra ga ni, Ìyá Àmì ì bá rí nǹkan dì mú. Ṣùgbọ́n láàárọ̀, òun ló máa ń gba báàgì lọ́wọ́ rẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, á ní, "Mọ̀mí, ẹ káàárọ̀, ẹ jẹ́ n bá yín gbé e." Ìyá Àmì á sì gbé báàgì fún un.

Ó ní òun kò jowú. Ó sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin lẹ́ẹ̀mẹta láàárín ọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo, bẹ́ẹ̀ ẹni tí kò jowú kì í sọ ọ́ tó bẹ́ẹ̀. Télọ̀ ni ẹ̀gbọ́n náà, ó ń gbé ní àdúgbò ẹ̀yìn ilé-ìwé, ọkọ rẹ̀ sì ti kú láti ọdún mẹ́fà. Òun ló fi ẹ̀rọ ìránṣọ tọ́ Ìyá Àmì dàgbà nígbà tí àwọn òbí wọn kò sí mọ́. Ó ń fi eyín já òwú lọ́jọ́ náà.

"Àbúrò mi, ọmọ ọlọ́mọ yẹn, kí ló ṣe fún ẹ gan-an?"

"Kò ṣe nǹkan kan fún mi."

"Ṣé ìyẹn ló wá ń dùn ẹ́ báyìí?"

Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá le ni pé akọ̀wé àgbà ilé ìgbìmọ̀ fẹ́ fẹ̀yìn tì nígbẹ̀yìn oṣù. Yàrá tirẹ̀ ní fèrèsé méjì àti ilẹ̀kùn tó ń tì. Ọdún mọ́kàndínlógún ni Ìyá Àmì ti ń wo ilẹ̀kùn yẹn. Alága wá kéde pé nínú àwọn méjì ni wọ́n ti máa mú ẹni tó máa bọ́ síbẹ̀, Ìyá Àmì àti Ọwọ́-Yá, àti pé ìpàdé tó ń bọ̀ ni wọ́n máa dìbò lé e.

Ní ìpàdé tó ṣáájú ìyẹn, Ọwọ́-Yá ló kan láti kọ ìwé. Ọ̀rọ̀ keje lọ́jọ́ náà jẹ́ ti káńsẹ́lọ̀ àdúgbò ẹ̀yìn ilé-ìwé, ẹni tí wọ́n ń pè ní Mi-ò-ní-pẹ́. Bó ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ nìyẹn, "Mi ò ní pẹ́," ẹni tí ebi bá ń pa á tètè lọ jẹun. Ó ní òpó iná tó wà ládùúgbò òun ti ń dagun, pé ọ̀kan ti fara ti ilé onílé. Lẹ́yìn ogójì ìṣẹ́jú, wọ́n dìbò, gbogbo wọn fọwọ́ sí i.

Ní ọjọ́ kejì, ìwé náà dé orí tábìlì Ìyá Àmì. Ó mú báírò aláwọ̀ ewé, ó ń kà á lọ, ó dé orí ọ̀rọ̀ keje:

"Ìgbìmọ̀ pinnu pé kí wọ́n ka gbogbo opó tó wà ní àdúgbò ẹ̀yìn ilé-ìwé, kí wọ́n fi nọ́ńbà sí ọ̀kọ̀ọ̀kan lára, kí wọ́n sì gbé àwọn tó ti fẹ́ ṣubú ró kí òjò tó dé."

Opó. Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Àmì ìsàlẹ̀ kan péré ló fò lórí o àkọ́kọ́, òpó iná sì ti di obìnrin tí ọkọ rẹ̀ kú. Ó gbé ẹnu báírò lọ síbẹ̀. Ó ku díẹ̀ kó kan ìwé.

Ìgbà náà ló gbọ́ ohùn alága láti yàrá kejì, tó ń rẹ́rìn-ín, tó ń sọ pé, "Ọwọ́-Yá, ká ní a ti rí irú ẹ láti ọjọ́ yìí, ilé yìí ì bá ti tò tipẹ́."

Láti ọjọ́ yìí. Ta ló ti ń tò ó láti ọjọ́ yìí?

Owú gbé e lọ́kàn. Ó gbé báírò kúrò lórí ọ̀rọ̀ náà, ó ka ìyókù tán, ó sì kọ lẹ́tà orúkọ rẹ̀ sí ìsàlẹ̀ dáadáa. Ohun tó rò ni pé wọ́n máa ka ìwé náà sókè ní ìpàdé tó ń bọ̀, àwọn káńsẹ́lọ̀ máa fi ọmọ náà ṣe yẹ̀yẹ́, ìdìbò á sì tẹ̀ lé e. Ẹ̀rín lásán ni, ẹ̀rín kì í pa èèyàn. Ó mọ̀ pé àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́. Ó ní ọmọ tuntun yìí ní kọ̀ǹpútà, kí kọ̀ǹpútà bá a di ọrùn mú.

Ó mọ̀ pé ìpinnu kọ̀ọ̀kan ń lọ sí ẹ̀ka tó máa ṣe iṣẹ́ rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Ó rò pé ẹ̀ka iṣẹ́ òde ni èyí máa lọ, pé àwọn oníṣẹ́ òde á mọ̀ pé òpó ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń pín ìwé ka ohun tó rí. Kí ló kan iṣẹ́ òde nínú ọ̀rọ̀ opó? Ó gbé e lọ sí ẹ̀ka ìgbáyégbádùn, ní òdìkejì títì. Ọ̀gá ibẹ̀ kà á lẹ́ẹ̀mejì, omi bọ́ lójú rẹ̀. Láti ọdún tó ti ń kọ̀wé sí ìgbìmọ̀ nítorí àwọn opó, wọ́n dá a lóhùn wàyí. Kò bi ẹnikẹ́ni léèrè. Ẹni tó bá bèèrè jù, wọ́n lè gba nǹkan ọ̀hún padà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọjọ́ ìpàdé pé. Ìyá Àmì wọ aṣọ tuntun tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ rán fún un. Òun ló kan láti kọ ìwé. Wọn ò tíì ka ìwé ìpàdé tó kọjá tán tí ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà fi wọlé.

"Alága, àwọn ìyá kan wà níta. Wọ́n ní ẹ̀ka ìgbáyégbádùn ló ní kí àwọn wá bá yín."

Kí alága tó fèsì, wọ́n ti ń wọlé. Obìnrin mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni. Wọ́n wọ aṣọ tó dára jù lọ nínú àpótí wọn. Pín-ìn-nì ni wọ́n fi so káàdì kékeré kan mọ́ àyà ọ̀kọ̀ọ̀kan, nọ́ńbà sì wà lórí káàdì náà. Nọ́ńbà kẹsàn-án ló ṣíwájú. Ẹ̀gbọ́n Ìyá Àmì ni.

Ó rí àbúrò rẹ̀ nídìí tábìlì, ó rẹ́rìn-ín sí i bí ẹni tó fẹ́ fi nǹkan yà á lẹ́nu. Ó wá kọjú sí àwọn káńsẹ́lọ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà ìlú. A wá dúpẹ́ ni. Láti ìgbà tí àwọn ọkọ wa ti kú, kò sẹ́ni tó kà wá sí. Ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ kà wá. Àwọn kan tilẹ̀ ní ká má wá, pé àṣìṣe ni, pé kò jọ nǹkan tí ìgbìmọ̀ lè ṣe. Mo ní rárá o. Àbúrò mi ló ń yẹ ìwé wọn wò. Àmì kan kì í sọnù lójú àbúrò mi."

Mi-ò-ní-pẹ́ fò dìde. "Ta ló sọ̀rọ̀ opó? Òpó ni mo wí! Òpó iná!"

Ẹ̀rín bú jáde nínú gbọ̀ngàn, ẹ̀rín tí Ìyá Àmì ti ń dúró dè láti ọ̀sẹ̀ méjì. Kò pẹ́ tó fi kú, torí àwọn tó ń rẹ́rìn-ín rí ojú àwọn obìnrin náà. Ìyá kan láàárín wọn fi ọwọ́ bo káàdì àyà rẹ̀.

Alága gbá tábìlì. "Ta ló kọ ìwé yìí?"

Ọwọ́-Yá ti dìde. "Èmi ni sà. Mo sáré tẹ̀ ẹ́, mi ò tún un kà. Ẹ má bá Mọ̀mí wí, sà. Lóòótọ́, lẹ́tà orúkọ wọn wà nísàlẹ̀, ṣùgbọ́n iṣẹ́ pọ̀ lọ́wọ́ wọn lọ́jọ́ náà. Ojú wọn ló fò ó. Èmi ni kẹ́ ẹ bá wí."

"Ó dáa," ni alága wí. "A ò tún nílò ìdìbò mọ́ lórí ọ̀rọ̀ akọ̀wé àgbà. Ẹni tó ń sáré báyìí ò lè dé ìjókòó yẹn."

Yàrá onífèrèsé méjì ti di ti Ìyá Àmì. Kó ṣáà pa ẹnu mọ́ ni. Ojú ló fò ó, ta ni ojú rẹ̀ kì í fo nǹkan? Ó wo ọmọ náà tó ń bẹ̀bẹ̀ fún un, inú tún bí i sí i, nítorí pé oore náà tún jẹ́ nǹkan míì tí ọmọ yẹn fi jù ú lọ.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sún mọ́ tábìlì. Ó rọ ohùn rẹ̀ sílẹ̀, bó ṣe máa ń ṣe nígbà tí wọ́n wà ní kékeré.

"Ṣé lóòótọ́ ni? Ṣé ojú ẹ ló fò ó?"

Pín-ìn-nì ti fa aṣọ àyà rẹ̀ ya díẹ̀, aṣọ tó jẹ́ pé kì í wọ̀ ọ́ lásán. Ìyá Àmì ń wo ibi tó ya náà.

"Rárá," ló wí. "Mo rí i."

"O rí kí ni?"

"Mo rí àṣìṣe náà. Mo mọ̀ọ́mọ̀ fi í sílẹ̀ ni."

Ọwọ́-Yá yíjú sí i. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wò ó pẹ́ títí, ó wá yípadà, ó lọ jókòó sórí àga àkọ́kọ́ níwájú, káàdì ṣì wà láyà rẹ̀.

"Ẹ ti kà wá ná," ó sọ fún alága. "A ò lọ síbì kankan."

Àwọn ọgbọ̀n yòókù jókòó tì í. Alága wo àwọn káńsẹ́lọ̀, àwọn káńsẹ́lọ̀ wo àwọn obìnrin náà, wọ́n sì fi ọ̀rọ̀ opó kún àwọn ọ̀rọ̀ ọjọ́ náà kí wọ́n tó dé orí ọ̀rọ̀ agolo ìdọ̀tí. Mi-ò-ní-pẹ́ ló dá a lábàá. Gbólóhùn kan péré ló sọ.

Lẹ́yìn náà ni alága yíjú sí ẹ̀gbẹ́ tábìlì. "Ọ̀rọ̀ akọ̀wé àgbà á dúró ná. Ìwọ lo ń kọ ìwé lónìí. Kọ ohun tó o sọ sílẹ̀."

Ìyá Àmì kọ ọ́: "Akọ̀wé tó yẹ ìwé wò ní òun rí àṣìṣe náà, òun kò sì tún un ṣe."

"Ìdí ńkọ́?" ni alága wí. "Ìwé ìpàdé kì í wà láìní ìdí. Ìwọ lo kọ́ wa bẹ́ẹ̀."

Ó bojú wo àga àkọ́kọ́. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń wo ọwọ́ àbúrò rẹ̀. Ìyá Àmì tẹ orí ba ìwé, ó kọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo: ilara. Àmì kan péré ni ọ̀rọ̀ náà ní, àmì ìsàlẹ̀ níbẹ̀rẹ̀, irú èyí tó fi sílẹ̀ lórí òpó. Ó mú báírò aláwọ̀ ewé jáde nínú àpò, ó fi àmì náà sí i, ó sì na báírò náà sí Ọwọ́-Yá pé kó bá òun yẹ ìwé náà wò.