Káàdì Márùn-ún Tí Nímọ́tà Kò Tà Tán

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹfà oṣù kejì ọdún 2024, Nímọ́tà, ìyàwó Ràsákì Adésànyà, kú. Ọdún mọ́kànlélógójì ni wọ́n fi jẹ́ tọkọtaya. Orí àga tí wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ fọ ẹ̀jẹ̀ fún un ní ọsibítù ló kú sí, ní nǹkan bí agogo mẹ́wàá àárọ̀. Ọkọ rẹ̀ wà nínú mọ́tò níta. Kì í ṣe pé àyè kò sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga náà. Òun ni kò fẹ́ jókòó níbẹ̀.

Ohun tó gbé e dé inú mọ́tò kò ju eré káàdì lọ. Ní oṣù mẹ́jọ ṣáájú, ibi tó ti fẹ́ fa bùláńkẹ́ẹ̀tì bo ẹsẹ̀ ìyàwó rẹ̀ ni ó ti rí káàdì márùn-ún tí wọ́n tò lójú tábúlẹ́ẹ̀tì tó wà lọ́wọ́ obìnrin náà.

"Kí lèyí?"

"Póòkà ni. Ó máa ń jẹ́ kí wákàtí mẹ́rin náà tètè lọ."

"Tẹ́tẹ́?"

"Bàbá Faridah, ẹ dákun, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé."

Kò jẹ́ kó ṣàlàyé. Nígbà tí Ràsákì wà lọ́mọdé ní Ìbàdàn, bàbá rẹ̀ ta ẹ̀rọ ìránṣọ ìyá rẹ̀ nítorí tẹ́tẹ́ púùlù, ìyá náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ rán aṣọ oníbàárà títí ojú rẹ̀ fi di bàìbàì. Láti ìgbà náà, Ràsákì kì í dúró níwájú ibi tí wọ́n ti ń ta tíkẹ́ẹ̀tì oríire. Ogún ọdún tó fi ṣọ́ ilé ìkẹ́rùsí kan ní Bramalea, ní Kánádà níbí, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ a máa dá owó ra tíkẹ́ẹ̀tì ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì. Kò dá sí i rí.

"Èmi kò ní jókòó ti atatẹ́tẹ́," ó ní. "Ọjọ́ tí o bá pa á tì, kí o pè mí wọlé."

Kò pariwo. Kì í pariwo. Láti ọjọ́ náà, á wa ìyàwó rẹ̀ lọ sí ọsibítù lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, á mú un dé ẹnu ọ̀nà, á padà sínú mọ́tò, á tan hítà, á sì ṣí Kùránì kékeré ọwọ́ rẹ̀. Nímọ́tà kò pè é wọlé. Òun náà kò wọlé.

Ní ọjọ́ kejì fídáù ọjọ́ kẹjọ, Faridah ọmọ rẹ̀ wá láti ilé rẹ̀ ní Springdale, ó wá kó àwọn abọ́ tí àwọn obìnrin mọ́sáláṣí fi gbé oúnjẹ wá.

"Bàbá mi, Sátidé la máa pín ẹrù Mọ́mì o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi kọ gbogbo nǹkan tó wà nílẹ̀ sílẹ̀, ẹ̀yin lẹ mọ nǹkan kọ. Tablet yẹn, Hikmat ọmọ mi ló máa gbà á. Màá wipe ẹ̀ kí n tó fún un."

"Kí o ṣe é báwo?"

"Màá nu gbogbo nǹkan tó wà nínú ẹ̀ kúrò ni. Á dà bíi tuntun."

Nígbà tó lọ tán, Ràsákì kírun àlàásárì, ó sì mú tábúlẹ́ẹ̀tì náà. Kò fọwọ́ kàn án rí. Ó tẹ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀. Káàdì márùn-ún ló wà níbẹ̀: ọ̀kan dúdú tí nọ́ńbà mẹ́rin wà lára rẹ̀, ọba dúdú, nọ́ńbà mẹ́rin mìíràn tó pupa, ayaba pupa, éèsì pupa. Lókè mẹ́rin dúdú, ọ̀rọ̀ òyìnbó kékeré kan wà tó túmọ̀ sí pé wọ́n ti mú káàdì náà dání. Kò sí ohunkóhun lókè káàdì mẹ́rin tó kù. Nísàlẹ̀, bọ́tìnnì kan ń ṣẹ́jú, ó ń dúró de ọwọ́ tí yóò tẹ̀ ẹ́.

Ó pẹ́ kó tó yé e. Eré tí Nímọ́tà ń ta lọ́wọ́ nígbà tí ẹ̀mí bọ́ lára rẹ̀ nìyí. Ó ti fọwọ́ kan káàdì kan. Kò rí àyè kan èkejì. Bí Sátidé bá dé, Faridah yóò nu ún nù, ohun tí ìyàwó rẹ̀ dáwọ́ lé kẹ́yìn láyé yóò lọ láìparí.

Ìka rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ ọba àti éèsì, ó sì dúró lófuurufú. Kò mọ eré náà. Bí ó bá ṣì í tẹ̀, kò sí àtúnṣe. Ó pa iná ojú rẹ̀, ó gbé e sórí tẹlifíṣọ̀n tí kì í tàn mọ́.

Ní Ọjọ́bọ̀, ó ka bùláńkẹ́ẹ̀tì ọsibítù tó wà nílé, ó lọ dá a padà. Súnkànmí, nọ́ọ̀sì tó máa ń tọ́jú Nímọ́tà, ọmọ Abẹ́òkúta tí kò tíì lò tó ọdún mẹ́ta ní Kánádà, ló jáde pàdé rẹ̀.

"Baba! Ẹ wọlé, ẹ má dúró sẹ́nu ọ̀nà. Ẹ kú ọ̀fọ̀ o. Nítorí bùláńkẹ́ẹ̀tì lẹ ṣe wá nínú snow yìí?"

"Ohun olóhun ni." Ràsákì wo àga tó wà lẹ́bàá fèrèsé. Ẹlòmíràn ti wà lórí rẹ̀, ó ń sùn. "Èló ni ìyàwó mi ń kó sí eré yẹn?"

"Eré wo? Póòkà?" Súnkànmí fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó rí ojú bàbá náà, ó gbé e mì. "Èló ke? Baba, kò sí kọ́bọ̀ níbẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni. Póínìtì lásán ni wọ́n ń jẹ, tó bá tán, ẹ̀rọ á fún wọn ní òmíràn. Wọn ò sọ fún yín?"

"Ó fẹ́ sọ."

"Ẹ̀n-ẹ́n. Wọ́n mọ̀ ọ́n tà o! Èmi gan-an, àwọn ló kọ́ mi. Ọjọ́ kan mo ní, 'Mama, ẹ mú éèsì yẹn dání, òun ló tóbi jù.' Wọ́n ní, 'Súnkànmí, olójúkòkòrò ni ẹ́, abájọ tí o ò tíì rí ìyàwó fẹ́.'" Ó wọ inú yàrá kékeré kan, ó mú ìwé ìkọ̀wé aláwọ̀ ewé kan jáde. "Wọ́n máa ń fi í pamọ́ sọ́dọ̀ wa. Wọ́n ní ti ẹnì kan ni, pé ẹni náà kì í gbọ́rọ̀ lẹ́nu èèyàn, pé tó bá kà á fúnra rẹ̀ ló máa gbà."

Ràsákì gba ìwé náà. Ó dúpẹ́. Inú mọ́tò, ní ibi tó máa ń gbé e sí, pẹ̀lú hítà tó tàn, ló ti ṣí i.

*Bàbá Faridah, ẹ kọ́kọ́ mọ èyí: kò sí owó níbẹ̀.*

*Ẹ̀rọ á fún yín ní káàdì márùn-ún. Ẹ fọwọ́ kan èyí tí ẹ fẹ́ mú dání, kí ẹ tẹ bọ́tìnnì, á pààrọ̀ ìyókù. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni.*

*Tí ẹ bá ní jáàkì méjì, tàbí ayaba méjì, ọba méjì, éèsì méjì, ẹ ti jẹ. Ẹ má tú wọn ká nítorí pé mẹ́rin nínú márùn-ún jọ ní àmì. Ṣùgbọ́n tí méjì náà bá kéré, àmì mẹ́rin ni kí ẹ mú.*

*Méjì kékeré tó jọra sàn ju ọba kan ṣoṣo. Ẹ ju ọba sílẹ̀. Mo mọ̀ pé á dùn yín.*

*Ẹ má sì fi éèsì ti méjì náà pé bóyá. Ó kàn ń dí àyè ni.*

Ojú ewé mẹ́fà ni. Níparí rẹ̀ ó kọ ọ́ pé: *Ẹ lè ṣe gbogbo rẹ̀ bó ṣe yẹ, kí ẹ ṣì pàdánù. Bẹ́ẹ̀ ni eré náà rí. Ẹ má bínú sí ẹ̀rọ. Ẹ má bínú sí èmi náà.*

Ó pa ìwé náà dé. Ọkọ̀ kan dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó ń dúró de àyè. Ràsákì kò rí i títí onítọ̀hún fi fọn fèrè.

Ní àárọ̀ Sátidé, ó ṣe àlùwàlá bí ẹni tó fẹ́ kírun, ó jókòó sídìí tábìlì ilé ìdáná, ó tan tábúlẹ́ẹ̀tì náà. Kò wo ọba mọ́. Ó fọwọ́ kan mẹ́rin pupa. Ọ̀rọ̀ kékeré náà yọ lókè rẹ̀, bó ṣe wà lókè èkejì. Ó yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀mejì pẹ̀lú ìwé. Ó tẹ bọ́tìnnì.

Ọba, ayaba àti éèsì lọ. Jáàkì, nọ́ńbà méje àti nọ́ńbà méjì dé. Kò jẹ nǹkan kan.

Ó dúró bóyá nǹkan mìíràn yóò ṣẹlẹ̀. Kò sí. Ẹ̀rọ náà ń bi í bóyá kí òun tún fún un ní márùn-ún mìíràn. Kò tẹ ẹ́. Èyí, ó ṣe é bó ṣe yẹ. Oṣù mẹ́jọ tó fi jókòó sínú mọ́tò, kò ṣe ìyẹn bó ṣe yẹ, kò sì rí ojú ewé kan tó lè fi ìyẹn wé.

Faridah kan ilẹ̀kùn, ó wọlé pẹ̀lú yìnyín lórí bàtà rẹ̀.

"Bàbá mi, ẹ ti jẹun? Tablet yẹn ńkọ́, ẹ ti ṣe tán pẹ̀lú ẹ̀?"

"Mo ti ṣe tán. Mú un."

Ó nà án sí i, ó sì fún un ní ìwé tó kọ ẹrù sí pẹ̀lú. Ohun tó kọ nìyí:

Ohun tí Nímọ́tà fi sílẹ̀.

Ìborùn mẹ́rìnlá. Funfun mẹ́ta wà nínú wọn.

Jákẹ́ẹ̀tì òtútù kan, àpò ọ̀tún ti ya.

Bàtà yìnyín kan.

Tẹ̀súbáà méjì.

Awò ojú kan.

Ìgò ata gígún kan, ó ku ìdajì.

Tábúlẹ́ẹ̀tì kan, fún Hikmat.

Ìwé ìkọ̀wé aláwọ̀ ewé kan, ojú ewé mẹ́fà. Èyí kò sí fún pínpín.