Ilé tí Ọ̀pá Fò

Ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n oṣù Karùn-ún, ọdún 1743, ní nǹkan bí aago mẹ́ta ọ̀sán, Danils Brita, aládùúgbò wa, gbé ọ̀pá ìpè wọ àgbàlá wa. Ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Kò kí ẹnikẹ́ni.

"Ẹ gbà á lọ́wọ́ mi, ó ń jó mi," ó wí. "Ilé kan, ọkùnrin kan. Kó má sùn síbí."

Kò sí iná lára ọ̀pá náà, ṣùgbọ́n iná ti kàn án rí. Ìdí rẹ̀ kan ti jó dúdú, wọ́n sì so okùn tín-ín-rín mọ́ ìdí kejì. Ọmọdé pàápàá mọ ìtumọ̀ méjèèjì lọ́dọ̀ wa: ẹni tó bá jẹ́ kí ọ̀pá sùn nílé rẹ̀, wọn yóò dáná sun ilé rẹ̀, wọn yóò sì so òun fúnra rẹ̀ rọ̀. Láàárín iná àti okùn ni àmì àwọn ilé tí ọ̀pá ti kọjá wà, tí olúkúlùkù fi ọ̀bẹ gé sára igi. Mo ka àmì mọ́kànlá.

Ìyá ọkọ mi, Busk Gunnil, jókòó lẹ́nu ọ̀nà, ó ń ran irun àgùntàn. Kò dìde.

"Ṣé Stockholm ni?"

"Stockholm ni, ìyá. Gbogbo ilẹ̀ Dala wa yìí ló ń kó ohun ìjà lọ. Wọ́n ní àwọn ìjòyè fẹ́ fi ẹni tí ọbabìnrin Rọ́ṣíà bá tọ́ka sí ṣe àrólé ọba. Àwọn tiwa ní ọmọ ọba Denmark làwọn ń fẹ́."

"Ọmọ ọba Denmark ọ̀hún, ṣé ó mọ̀ wá ni?"

"Kò mọ̀ wá rárá. Ṣùgbọ́n wọ́n ní wọ́n ní ọkà lọ́hùn-ún."

"Ó parí," ni Gunnil wí. "Ẹni tó bá ti ní ọkà, ọba ni."

Brita rẹ́rìn-ín, ó sì sáré padà sílé rẹ̀ bí ẹni tí ajá ń lé.

Ọba wa ní Stockholm ti darúgbó, kò sì bímọ. Ọdún kejì nìyẹn tí òtútù pa ọkà lórí ìdúró nínú oṣù Kẹjọ. Èèpo inú igi páìnì la ń gún mọ́ ìyẹ̀fun, ìwọ̀n èèpo méjì sí ọkà kan. Ogun Finland ti kó ọkùnrin mẹ́sàn-án ní abúlé wa, méjì ló padà. Àwọn ẹ̀gbọ́n mi méjì, Jon àti Lars, wà lára àwọn méje yòókù. Ìbọn kọ́ ló pa wọ́n. Ìgbẹ́ ọ̀rìn dá Jon dùbúlẹ̀ nínú àgọ́ fún ọjọ́ mẹ́tàlá kó tó kú. Lars kú sínú ọkọ̀ nígbà tí wọ́n ń kó wọn bọ̀ wálé, wọ́n sì jù ú sómi.

Ilé Skinnar ni wọ́n bí mi sí, ní ìsàlẹ̀ òkè, létí adágún. Lọ́dọ̀ wa, ilé ló ń fún ènìyàn lórúkọ. Skinnar Malin ni mo ń jẹ́ kí n tó lọ́kọ. Ọjọ́ tí mo wọ ilé Busk ni mo di Busk Malin. Àwọn tó kù tó ń jẹ́ Skinnar kò ju méjì lọ: bàbá mi, Mats, ẹni ọdún méjìlélọ́gọ́ta, tí ìtì igi ti bọ́ lù lẹ́sẹ̀ tí kò sì lè rìn dáadáa mọ́, àti àbúrò mi, Halvar, ẹni ọdún méjìdínlógún.

Gunnil fi ọ̀bẹ ìdáná gé àmì Busk sára ọ̀pá. "Hindrik ni yóò lọ," ó wí. Hindrik ni ọkọ mi. Inú igbó ló wà lọ́jọ́ náà, ó ń sun èédú. "Kò sí ọkùnrin mìíràn nílé yìí, àfi bí èmi bá máa wọ ṣòkòtò." Ó na ọ̀pá sí mi. "Orúnkún mi ò gbé mi, ìyàwó. Gbé e lọ. Skinnar ló kàn."

"Mo mọ̀, ìyá," mo wí.

Mo fi ìborùn bò ó, mo sì sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè. Yìnyín ti tán lójú adágún. Halvar wà létí omi, ó dojú ọkọ̀ bàbá wa délẹ̀, ó ń fi ọ̀dà kùn ún. Ọ̀dà ti ta sí i lágbọ̀n níbi tí irùngbọ̀n kò tíì hù.

"Ẹ̀gbọ́n mi! Ṣé ebi ló lé yín wálé?"

"Ebi wo? À ń jẹ búrẹ́dì nílé ọkọ mi."

"Búrẹ́dì igi! Ẹ rọra o, kí ewé má lọ hù lórí yín."

"Kó hù. Ìwọ ni màá ní kó wá gé e."

"Kí lẹ gbé sábẹ́ ìborùn yẹn?"

"Wàrà kíkan ni. Mò ń gbé e lọ fún ìyàwó Tolf Ersk, ara rẹ̀ ò yá."

"Ẹ jẹ́ n bá yín gbé e."

"Kun ọkọ̀ rẹ, jàre."

Ó bú sẹ́rìn-ín, ó sì padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀. Mò ń gbọ́ ìró àáké bàbá mi lẹ́yìn ilé. Mo kọjá lẹ́nu ọ̀nà wa bí ẹni tó ń kọjá lẹ́nu ọ̀nà àjèjì. Gbogbo ohun tí mo ṣe nìyẹn. Kò ju ọgbọ̀n ìṣísẹ̀ lọ.

Ilé Tolf ló tẹ̀ lé e. Tolf Ersk, baba arúgbó, gba ọ̀pá, ó fi àtàǹpàkò tọ àwọn àmì náà lọ́kọ̀ọ̀kan, nítorí ojú rẹ̀ kò ríran tó mọ́. Ó dé orí àmì Busk, ó dúró.

"Àmì Skinnar dà?"

"Mo ti ibẹ̀ bọ̀, bàbá."

"Mi ò bi ọ́ níbi tí o ti ń bọ̀. Mo ní, àmì wọn dà?"

Ó kọjú sí mi.

"Ilé tí kò ní ọkùnrin mọ́ nìkan ni ọ̀pá ń fò, ọmọ mi. Ilé tí a ti sin gbogbo wọn. Ṣé o mọ̀?"

"Mo mọ̀."

"Bí o bá ti mọ̀."

Ó fi àlàfo tó tó ìbú ìka kan sílẹ̀, ó wá gé àmì tirẹ̀ sẹ́yìn rẹ̀. Mo wo àlàfo náà, inú mi sì dùn. Mo rò pé igi tí a kò gé kò lè sọ nǹkan kan.

Lálẹ́, Gunnil bi mí pé, "Kí ni bàbá rẹ wí?"

"Kò wí nǹkan kan," mo wí. Òótọ́ sì ni.

Nígbà tó di ọjọ́ Àìkú, a wọ ọkọ̀ ìjọ láti kọjá adágún lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ogún àjẹ̀ ló wà nínú ọkọ̀ náà, ilé kọ̀ọ̀kan ló sì ní ìjókòó tirẹ̀. Ti Skinnar ni ìkẹta láti iwájú, láti ayé bàbá bàbá mi. Bàbá mi àti Halvar jókòó, wọ́n mú àjẹ̀. Danils Pål, ọkọ Brita, wà lẹ́yìn wọn. Ọkùnrin tí kò lè rí ọ̀rọ̀ kó má sọ ọ́ ni.

"Ẹ dìde níbẹ̀, ẹ̀yin òkú," ó wí. "Òkú kì í wa ọkọ̀."

Halvar yíjú padà. "Ta lẹ̀ ń bá wí, ẹ̀gbọ́n?"

"Ẹ̀yin ni. Ṣé ẹ ò tíì gbọ́ ni? Ọ̀pá ti yí adágún po, gbogbo ayé ti kà á. Lẹ́yìn Busk, àlàfo. Lẹ́yìn àlàfo, Tolf. Kò sí ọkùnrin mọ́ ní Skinnar. Àbí ó wà, abẹ́ ibùsùn ló sá sí?"

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Nígbà tí wọ́n rí ojú bàbá mi, ẹ̀rín náà gbẹ mọ́ wọn lẹ́nu. Hindrik wò mí. Mo wo ẹsẹ̀ mi.

Bàbá mi ti àjẹ̀ rẹ̀ bọ omi. "Ẹ wa ọkọ̀," ó wí.

A máa ń kọrin ìsìn nínú ọkọ̀ ìjọ. Lọ́jọ́ náà, ẹnikẹ́ni kò kọrin. Ìró àjẹ̀ nìkan ni mo gbọ́ títí a fi gúnlẹ̀.

Létí omi níwájú ṣọ́ọ̀ṣì, bàbá mi pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Malin, ta ló gbé ọ̀pá kúrò ní Busk?"

"Èmi ni, bàá mi."

"Ìwọ lo fò wá?"

"Mo fẹ́ kí ẹnì kan ṣẹ́ kù fún yín. Jon ti lọ. Lars ti lọ. Mo mọ̀ pé bí ọ̀pá bá dé, Halvar ni yóò lọ."

Kò bínú. Ìbá sàn fún mi bó bá bínú.

"Èmi ni ǹ bá lọ," ó wí. "Láti ìgbà tí mo ti gbọ́ pé ọ̀pá ti jáde ni mo ti pinnu. Ọkùnrin kan ni ọ̀pá bèèrè, kò bèèrè ẹsẹ̀ tó dá ṣáṣá. Halvar ìbá dúró ti oko. Ní báyìí, ọ̀rọ̀ wo ni màá fi dá a dúró?"

Halvar ti wá sẹ́yìn wa, ó sì ti gbọ́. "Ẹ ò lè dá mi dúró, bàá mi. Mi ò lè padà wá jókòó nínú ọkọ̀ yẹn kí wọ́n máa wò mí bí òkú. Méjèèjì la jọ ń lọ. Kí wọ́n kà wá dáadáa."

"Ilé kan, ọkùnrin kan," mo kígbe. "Òfin ọ̀pá nìyẹn!"

"Ilé tí wọ́n bá kà mọ́ ilé lòfin náà wà fún," ni bàbá mi wí.

"Ẹ jẹ́ n lépa rẹ̀. Ẹ jẹ́ n lọ gé àmì náà sí i."

"Ó ti kọjá ìjọ mẹ́ta. Ọ̀pá kì í padà." Agogo ṣọ́ọ̀ṣì ń dún. Ó fi ọwọ́ nu aṣọ rẹ̀, ó sì wọlé lọ.

Ní ọjọ́ kẹjọ oṣù Kẹfà ni wọ́n gbéra. Òjò winniwinni ń rọ̀. Hindrik gbé ìbọn tí wọ́n há fún un. Àáké rẹ̀ ni bàbá mi mú, ó ń fi í tilẹ̀ bí ọ̀pá ìtilẹ̀. Halvar gbé ẹrù tiwọn méjèèjì. Mo di búrẹ́dì mẹ́rìndínlógún fún àwọn méjèèjì, mẹ́jọ mẹ́jọ, mi ò fi èèpo sí i. Gunnil rí i, ó sì ń ran irun àgùntàn rẹ̀ lọ.

Halvar dẹsẹ̀ dúró lọ́dọ̀ mi.

"Ẹ̀gbọ́n mi," ó wí, "wàrà kíkan yẹn mà kan o."

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ó sáré lọ bá bàbá wa, kó má baà dá nìkan rìn.

Hindrik padà ní ọjọ́ kẹta oṣù Kẹjọ. Mi ò mọ̀ ọ́n títí ó fi sọ̀rọ̀. Ó jẹun tán kó tó ròyìn, mo sì jẹ́ kó jẹun tán.

Ó ní wọ́n dé Stockholm, àwọn ará ìlú tilẹ̀ fún wọn ní ọtí. Ọjọ́ méjì ni wọ́n fi wà ní gbàgede ńlá kan, tí wọ́n ń retí èsì àwọn ìjòyè. Èsì dé ní ọjọ́ kejìlélógún oṣù Kẹfà. Èsì náà ni pé kí wọ́n kó ohun ìjà sílẹ̀. Wọn kò kó o sílẹ̀. Àwọn ọmọ ogun ọba yin àgbá láti ẹ̀gbẹ́ méjì, àwọn ẹlẹ́ṣin sì ya wọ àárín wọn.

"Gbogbo wa sá," ni Hindrik wí. "Bàbá rẹ ò lè sá. Irin kékeré kan wọlé sí i níbi ikùn, ó jókòó sílẹ̀ bí ẹni tó rẹ̀. Halvar dúró lé e lórí. Mo pè é. Mo ní, 'Halvar, baba ti kú, máa bọ̀!' Ó ní, 'Ẹ̀yin ẹ máa sá, àmì yín ti wà lórí igi.'"

Ibẹ̀ ni wọ́n ti mú un. Wọ́n mú Hindrik náà ní òpópónà kejì, inú àgbàlá túbú kan náà ni wọ́n sì kó àwọn méjèèjì sí pẹ̀lú ọgọ́rọ̀ọ̀rún ènìyàn. Ní ọjọ́ kejì, wọ́n gbọ́ agogo gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì ìlú. Ẹ̀ṣọ́ kan ló sọ fún wọn pé àwọn ìjòyè ti yan àrólé ọba, pé ẹni tí wọ́n fẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ ni wọ́n yàn.

Ìgbẹ́ ọ̀rìn wọ túbú náà. Ó mú Halvar ní ọjọ́ kẹjọ oṣù Keje. Ọjọ́ mọ́kànlá ló fi ṣe é kó tó kú. Ìbọn kò kàn án rárá. Lẹ́yìn ikú rẹ̀ ni wọ́n tú Hindrik sílẹ̀.

Mo bi Hindrik bóyá Halvar sọ nǹkan kan nípa mi. Ó ní kò sọ nǹkan kan, pé omi ló ń bèèrè.

Nínú ọkọ̀ ìjọ, ẹnikẹ́ni kò jókòó sí àyè kẹta mọ́. Danils Pål fúnra rẹ̀ ní òun á kúkú dúró. Nígbà tí mo bí ọmọkùnrin mi kejì ní ọdún 1747, mo sọ fún Hindrik pé kí a jẹ́ kó lọ gbé nísàlẹ̀ òkè tó bá dàgbà, kó lè jẹ́ orúkọ ibẹ̀. Hindrik kò kọ̀. Gunnil ló ní, "Ọmọ ọmọ mi kò ní sùn nínú ilé tí ọ̀pá fò." Mo bẹ àwọn mìíràn ní abúlé pé kí wọ́n fi ọmọ tiwọn síbẹ̀. Ìdáhùn kan náà ni gbogbo wọn fún mi.

Yìnyín wó òrùlé ilé náà ní oṣù Kejì ọdún 1751. Kò sí ẹni tó ń jẹ́ Skinnar mọ́.