Ọmọ Ẹyẹ Nìkan Ni Mo Rí

Kerensa bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ nínú koríko gíga, ó ń fẹ́ èémí sí ọwọ́ rẹ̀ tí òtútù ti mú kú, nígbà tí ẹyẹ náà já wálẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìtẹ́ kọkànlélógún. Albatọ́ọ̀sì ńlá ni, funfun báláú. Bí ó bá na apá rẹ̀ méjèèjì, ó gùn ju ọkùnrin kan àti ààbọ̀ lọ. Ó ta gẹ̀ẹ́gẹ̀ẹ́ lórí yìnyín, ó ká apá rẹ̀ kò, ó sì rìn lọ bá ọmọ rẹ̀. Ọmọ náà ké, ó fi ẹnu gún ẹnu baba rẹ̀ títí baba fi la ẹnu, tí ó sì bi oúnjẹ òkun fún un.

Láàárín èjìká ẹyẹ náà ni ẹ̀rọ atọ́pasẹ̀ wà, kékeré bí ilé ìṣáná. Téèpù tí wọ́n fi lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìyẹ́ ti ń ká ní etí.

Ohun tó yẹ ní ṣíṣe kò le. Kí ó yọ́ gba ẹ̀yìn, kí ó di ẹnu ẹyẹ náà mú, kí ó tú téèpù. Ìṣẹ́jú mẹ́ta ni. Kerensa ti ṣe é láìmọye ìgbà kí wọ́n tó gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀. Nínú ẹ̀rọ yẹn ni ọ̀sẹ̀ márùn-ún wà: gbogbo ibi tí ẹyẹ náà fò dé, títí dé etí yìnyín tí ojú ènìyàn kì í tó. Bí ó bá mú un délé, ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà gan-an ni gbogbo ará ibùdó ìwádìí wọn yóò pé lé kọ̀ǹpútà Iwan, ẹni tí wọ́n gbé iṣẹ́ náà fún, lórí, Iwan yóò sì máa fi ìka tọ́ ọ̀nà ẹyẹ fún wọn, yóò máa rẹ́rìn-ín.

Kò dìde. Ẹyẹ náà bọ́ ọmọ rẹ̀ tán, ó fi ẹnu kan orí rẹ̀ díẹ̀, ó rìn lọ sí etí òkè, ó dojú kọ atẹ́gùn, ó na apá. Atẹ́gùn sì gbé e lọ.

Kerensa yọ pẹ́ńsù rẹ̀, ó ṣí ìwé, ó sì kọ ọ́ síwájú ìtẹ́ kọkànlélógún pé: Ọmọ ẹyẹ nìkan ni mo rí.

Mẹ́rin péré ni wọ́n ní ibùdó náà, ní erékùṣù kan ní ìhà gúúsù ayé, lásìkò òtútù, ọkọ̀ ojú omi kò sì ní í dé mọ́ títí di oṣù kọkànlá. Oúnjẹ sísè, wọ́n máa ń yí i ká láàárín ara wọn ni. Ọjọ́bọ̀ ni ti Iwan, ìdí nìyẹn tí ó fi jẹ́ pé ní Ọjọ́bọ̀ nìkan ni Kerensa ń gun òkè lọ wo àwọn ìtẹ́ nípò rẹ̀. Ní ọjọ́ yòókù, etí òkun ni tirẹ̀, láàárín àwọn síìlì, ẹran omi tó ń rùn tó sì ń bu ènìyàn jẹ.

Kì í ṣe pé Iwan ṣẹ̀ ẹ́. Ìyẹn gan-an ló ń dùn ún. Ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún ni, ọmọ Wales, ó mọ búrẹ́dì í ṣe, ẹ̀gbọ́n ló sì ń pe Kerensa nítorí pé Kerensa fi ọdún kan ṣáájú rẹ̀ dé erékùṣù náà. Àwọn ọmọ ẹyẹ tó máa ń lu ẹnu pa-pa-pa láti lé ènìyàn, wọn kì í lu ẹnu sí Iwan. Kò tó oṣù méjì tó dé tí Dókítà Hesketh, ìyá tó ń darí iṣẹ́ àwọn ẹyẹ náà láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fi kọ̀wé pé ọwọ́ Iwan rọ̀ bí òwú, pé kí gbogbo ìtẹ́ orí òkè di tirẹ̀. Struan, ọ̀gá ibùdó, ló ka lẹ́tà náà sókè nídìí oúnjẹ àárọ̀. Kerensa bá wọn rẹ́rìn-ín. Ó jẹ oúnjẹ rẹ̀ tán, ó sì dà bíi pé iyanrìn ló ń jẹ.

Ohun kan wà tí kò sọ fún ẹnikẹ́ni nínú wọn. Ní oṣù kejì ọdún tó kọjá, baba rẹ̀ kú ní Newlyn, ìlú wọn létí òkun. Apẹja ni baba náà. Ọkọ̀ ti lọ, kò sí ọ̀nà tí Kerensa lè gbà délé, orí fóònù ló ti gbọ́ ìsìn ìsìnkú, orin ìyìn ń já lẹ́nu àwọn akọrin bí fóònù ṣe ń gé. Ní ọjọ́ kejì ó gun òkè, ó sì jókòó ti ìtẹ́ kọkànlélógún. Ẹyẹ yìí kan náà ló wà lórí ẹyin nígbà náà, ẹyin tó ti bàjẹ́, tí kò ní í di ọmọ láéláé, ẹyẹ kò sì mọ̀. Ó sàba lé e. Kerensa jókòó tì í títí oòrùn fi rọ̀. Kò sí ẹni tó bi í léèrè ọ̀rọ̀ kankan. Nítorí náà, ìgbàkígbà tí Iwan bá sọ pé “àwọn ẹyẹ mi,” ṣe ló máa ń dà bíi pé àjèjì jókòó sórí àga baba òun, tó ń fi àwo baba òun jẹun.

Ọ̀sẹ̀ méjì àti ààbọ̀ kọjá. Òbí ẹyẹ kì í pẹ́ nílé nígbà òtútù, ó lè bọ́ ọmọ kí ó sì lọ láàárín wákàtí kan, nítorí náà Iwan ń lọ jókòó lórí òkè láti ìdájí títí ilẹ̀ fi ṣú. Ìyá ọmọ ìtẹ́ kọkànlélógún wá lẹ́ẹ̀mejì. Baba kò yọjú. Ìjì jà fún ọjọ́ mẹ́ta tí ẹnikẹ́ni kò lè jáde. Nígbà tí ó rọlẹ̀, Iwan ṣí ìwé, ó fi ìka tọ ojú ewé náà, ó sì bi Kerensa léèrè bóyá kò rí baba yẹn rárá ní Ọjọ́bọ̀ ọjọ́sí.

“Ohun tí mo rí ni mo kọ,” ni Kerensa wí.

“Mo mọ̀, ẹ̀gbọ́n. Mo kàn ní kí n bi yín ni.”

Struan ní bóyá baba ti fẹ́ ìyàwó kékeré sí ìhà Ọsirélíà, pé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló wà tó ń jẹ ìgbádùn. Iwan kò rẹ́rìn-ín.

Ní òpin ọ̀sẹ̀ náà, lẹ́tà dé sórí kọ̀ǹpútà láti ọ̀dọ̀ Hesketh. Ó ní ó ti tó oṣù méjì tí ẹnikẹ́ni ti rí ẹyẹ náà kẹ́yìn. Ó ti dàgbà, ọdún méjìdínlógójì ni òrùka tí wọ́n fi ń dá a mọ̀ ti wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Bóyá ìwọ̀ apẹja ló gbé e, bóyá ẹ̀rọ tí Iwan gbé lé e lẹ́yìn ló wúwo jù fún ọjọ́ orí rẹ̀. Kí wọ́n kọ ọ́ sí àwọn tó ti sọnù. Kí Iwan má sì lẹ ẹ̀rọ mọ́ ẹyẹ kankan mọ́ lọ́dún yìí.

Yàrá tí wọ́n ń sá bàtà sí ni Kerensa wà, ó ń ha ìgbẹ́ síìlì kúrò lára tirẹ̀, nígbà tí Iwan wọlé tó sì jókòó sórí àpótí.

“Èmi ni mo pa á,” ó ní. “Mo ti bá Struan sọ ọ́. Ẹ gba orí òkè yẹn padà, ẹ̀gbọ́n. Ẹ̀yin ni àwọn ẹyẹ yẹn mọ̀. Ẹ jẹ́ kí n lọ máa ka síìlì.”

Ayọ̀ ló kọ́kọ́ dé. Bí ayọ̀ náà ṣe pọ̀ tó ba Kerensa lẹ́rù. Ohun tí ó ti ń wá láti ìgbà tí wọ́n ti gba òkè náà lọ́wọ́ rẹ̀ ló bọ́ sí i lọ́wọ́ wẹ́rẹ́ yìí, kò tilẹ̀ tọrọ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ó wá rí ọwọ́ Iwan. Ó ti là, ó pọ́n, Iwan sì ń fi àtàǹpàkò ra àwọn ìka náà léraléra bí ẹni pé ohun kan ṣì lẹ̀ mọ́ wọn. Kerensa mọ ohun tó ń ṣe. Ó ń wá ibi tí ọwọ́ òun ti ṣe àṣìṣe. Òun náà ti ṣe é rí, gbogbo ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé ìsìnkú baba rẹ̀. Ṣùgbọ́n baba rẹ̀ kú ní tòótọ́.

“Ẹyẹ náà kò kú,” ni Kerensa wí.

“Ẹ má wulẹ̀ tù mí nínú.”

“Kì í ṣe pé mò ń tù ẹ́ nínú. Mo rí i ní Ọjọ́bọ̀ yẹn. Ẹ̀rọ rẹ wà lẹ́yìn ẹ̀. Ó bọ́ ọmọ ẹ̀, ó sì lọ. Mo jókòó síbẹ̀, mò ń wò ó.”

Omi ń ro tó, tó láti ara àwọn ẹ̀wù tí wọ́n fi kọ́.

“Kí ló dé tí ẹ ò fi mú un?”

Kerensa wá irọ́ kékeré kan: òtútù, atẹ́gùn, ọwọ́ tó ti kú. Gbogbo wọn wà ní àrọ́wọ́tó.

“Torí pé tìẹ ni,” ó ní.

Iwan wò ó, kò sì gbójú kúrò. Kì í ṣe ti ẹ̀rọ ló béèrè. Ó ní ṣé ẹyẹ náà fò dáadáa. Kerensa ní ó fò dáadáa, pé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo tó na apá ni atẹ́gùn gbé e lọ. Iwan fi fìlà rẹ̀ bo ojú. Lẹ́yìn náà ó dìde, ó wọ bàtà òkè rẹ̀.

“Kerensa.” Kò pe orúkọ rẹ̀ lásán báyìí rí, láìsí ẹ̀gbọ́n, láti oṣù méje tí wọ́n ti jọ ń gbé. “Ìwọ fúnra rẹ ni kí o sọ fún Hesketh.”

Ó sì jáde. Láti ojú fèrèsé, Kerensa rí i tó ń gun òkè lọ, kò sì tẹ̀ lé e.

Nínú iṣẹ́ yìí, a kì í pa ohun tí a kọ rẹ́. Ẹni tó bá ṣì í kọ yóò fa ìlà kan ṣoṣo gba orí rẹ̀ kọjá, kí àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn lè máa ka ohun tó kọ́kọ́ wà níbẹ̀, yóò kọ òótọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, yóò sì bu ọwọ́ lù ú. Ìwé ọdún méjìdínlógójì wà lórí pẹpẹ, ìlà inú wọn kò sì pọ̀: òǹkà tí wọ́n ṣì, ọjọ́ tí wọ́n gbàgbé. Kerensa fa tirẹ̀. Ó kọ ọ́ pé akọ ẹyẹ wà níbẹ̀, ẹ̀rọ wà lẹ́yìn rẹ̀, mo rí i, mi ò mú un. Ó fọwọ́ sí i.

Ó gbé fóònù. Dókítà Hesketh fúnra rẹ̀ ló dáhùn, ó kí i, kíá ló sì béèrè bóyá nǹkan ti ṣe Iwan, nítorí ó mọ̀ pé ìròyìn ẹyẹ náà yóò ti bà á lọ́kàn jẹ́.

“Rárá, mà,” ni Kerensa wí. “Èmi ni.”