Ẹsẹ Kan Lórí Bọ́tìnì Ààrò

Ó tún kú. Ẹ̀ẹ̀mẹta nìyẹn. Mo tẹ bọ́tìnì, mo ṣá ìṣáná, iná kékeré náà yọ, mo wo ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá lójú aago ọwọ́ mi, mo fi bọ́tìnì sílẹ̀... ó kú. Bí ẹni ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Irin lásán. Irin tí mo fúnra mi gbà jáde ní èbúté Tin Can, tí mo buwọ́ lu gbogbo ìwé rẹ̀.

Ó dáa. Pa gáàsì. Láti orí sìlíńdà, kì í ṣe níbi bọ́tìnì nìkan. Mo ti pa á. Fèrèsé méjèèjì wà ní ṣíṣí, ilẹ̀kùn ẹ̀yìn náà wà ní ṣíṣí. Ó wá ku ìṣẹ́jú márùn-ún, kí afẹ́fẹ́ gbé èyí tó ti tú jáde lọ kí n tó tún ṣá ìṣáná mìíràn. Gáàsì kì í gòkè bí èéfín, ilẹ̀ ló ń wá. Ìdí nìyẹn tí mo fi wà lórí eékún, ọkùnrin ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin, tí mo ń gbóòórùn ilẹ̀ ilé ìdáná bí ajá.

Folúkẹ́ ì bá rẹ́rìn-ín tó bá rí mi.

Aago mẹ́rin ló ń bọ̀, òun àti Edwin ọkọ rẹ̀, pẹ̀lú mọ́tò tí Edwin fi ń kó ẹrù. Wọ́n fẹ́ gbé ààrò búrẹ́dì yìí lọ sí Ajégúnlẹ̀. Àdéhùn wa ni pé bí mo bá tan án, tí iná rẹ̀ dúró kí wọ́n tó dé, kò kúrò nílé yìí. Bí kò bá dúró, ó di tirẹ̀. Àbúrò ìyàwó mi ló ń bá mi ṣe àdéhùn lórí ohun tí ìyàwó mi fi sílẹ̀, oṣù mẹ́ta péré tí a sin ín. Èmi náà sì gbà. Kí ló ń ṣe mí tí mo fi gbà...

“Bùọ̀dá, ẹ má bínú o, kí lẹ fẹ́ fi ṣe? Ẹ̀yin tí ẹ ò lè se ẹyin.”

Mo lè se ẹyin.

Aago méjì kọjá ìṣẹ́jú mọ́kànlá. Mo máa dúró.

Wọn ò mọ nǹkan kan, gbogbo wọn. Oghenemaro tó ń ta gáàsì ní etí Liverpool Road, òun ló gbé sìlíńdà wá láàárọ̀. Ó dè é tán, ó fẹ́ mọ̀ bóyá ó ń jò, ó sì yọ ìṣáná lápò. Ìṣáná. Iná ló fẹ́ fi wá ibi tí gáàsì ti ń jò. “Daddy, no fear, na so we dey do am.” Mo ní kó dá a padà sápò. Mo po ọṣẹ mọ́ omi, mo fi kan gbogbo ibi tí rọ́bà ti pàdé irin, mo sì ń wò ó. Ó hó lọ́rùn sìlíńdà. Òrùka rọ́bà inú ibẹ̀ ti gbó. Kí ni ọlọ́gbọ́n náà wá ṣe? Ó ya etí ọ̀rá píọ́ wọ́tà tó ń mu lọ́wọ́, ó fẹ́ fi wé e. Mo lé e padà lọ mú òrùka tuntun. Nígbà tó fi í sí i, ọṣẹ ò hó mọ́.

“Daddy, your book too much.”

Ó pọ̀, bẹ́ẹ̀ ni. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi yẹ ìwé ẹrù wò ní Wharf Road, àwọn tí ìwé wọn kéré ló sì máa ń wá sunkún níwájú tábìlì mi. Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ààrò yìí ni wọ́n lẹ ìwé tirẹ̀ mọ́: tẹ bọ́tìnì, tan iná, mú bọ́tìnì mọ́lẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá. Mẹ́wàá ni wọ́n kọ. Mo fi awò ojú kà á, mo tún yọ awò kà á.

Iná ọ̀hún gan-an ò sì ní àléébù. Nígbà àkọ́kọ́ ó pupa, ó ń fi dúdú kun irin. Mo fi sukudiráfà ṣí ihò afẹ́fẹ́ tó wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ díẹ̀, ó di búlúù, ó mú ṣinṣin. Ohun gbogbo lọ bó ṣe yẹ. Síbẹ̀...

Folúkẹ́ ní ìmọ̀ràn tirẹ̀ lórí fóònù lánàá. “Ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ dáadáa, Bùọ̀dá, kí ẹ wá kọ ẹsẹ orin kan tán kí ẹ tó fi sílẹ̀.” Orin. Mo mú fóònù kúrò létí. Àwọn ẹgbẹ́ ìyá ìjọ yìí, orin ni wọ́n fi ń ṣe gbogbo nǹkan. Wọ́n kọrin nígbà tí àìsàn ìyàwó mi dé, wọ́n kọrin nígbà tó ń le sí i, wọ́n jókòó sí pálọ̀ mi lẹ́yìn ìsìnkú, wọ́n kọrin, wọ́n jẹ ìrẹsì mi, wọ́n lọ. Iná ò mọ orin.

Ìṣẹ́jú méjì ló kù.

Òun náà nìyẹn, Tẹjúmọ́lá ìyàwó mi. Kí n má parọ́ torí pé ó ti kú. Ọdún mẹ́rìnlélógún tí ààrò yìí fi wà níbí, ẹsẹ orin kan náà ló ń kọ. Gbogbo ọjọ́ Sátidé tó bá fẹ́ yan búrẹ́dì ìjọ, èmi nínú pálọ̀ pẹ̀lú ìwé ìròyìn, màá gbọ́ ọ. Kò yá, kò falẹ̀. Á parí ẹsẹ kìíní, á dákẹ́. Kì í wọ èkejì láéláé. Mo fi ń pa àwọn àlejò lẹ́rìn-ín: ẹ wo akọrin ìjọ, ẹsẹ kan ló mọ̀.

“Màmá Ṣèyí, ṣé ẹsẹ kejì le jù fún ẹ ni?”

“Dádì Ṣèyí, ẹ máa ka ìwé ìròyìn yín.”

Ṣèyí ọmọ wa sọ fún mi lọ́jọ́ ìsìnkú pé ẹsẹ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ni màmá òun mọ̀ sórí. Mo rò pé ẹkún ló ń sọ ọ́.

Ó pé. Mo tún gbóòórùn ilẹ̀. Kò sí nǹkan kan. Ṣí sìlíńdà, rọra. Tẹ bọ́tìnì. Ṣá ìṣáná... ó yọ. Búlúù. Ó ń lá ṣóńṣó bàbà kékeré yẹn. Ṣóńṣó yẹn gbọ́dọ̀ gbóná kó tó gbà kí gáàsì máa bọ̀ láìsí ọwọ́ mi. Ohun tí ìwé ń sọ nìyẹn. Ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá ni fún bàbà tuntun. Èyí ò sì tuntun lọ́jọ́ tí mo gbà á jáde. Ọdún mẹ́rìnlélógún ti gorí ìyẹn... tó bá ti gbó tó báyìí, á pẹ́ kó tó gbóná. Á pẹ́ tó...

Á pẹ́ tó kí ni?

Má fi sílẹ̀. Má gbọ́wọ́ kúrò.

Bọ́tìnì yìí le. Ó ń ro mí ní àtàǹpàkò. Láti orí àga mi ní pálọ̀, èèyàn ò lè rí ilẹ̀ ibí yìí. Èèyàn ò lè rí obìnrin tó kúnlẹ̀, tí ọwọ́ rẹ̀ kan wà lórí irin, tí kò ní aago lọ́wọ́ torí ìyẹ̀fun. Ohùn rẹ̀ nìkan ló ń dé ọ̀dọ̀ mi. Ohùn rẹ̀ ni mo sì ń fi ṣe ẹ̀fẹ̀.

Mo kọ ẹsẹ orin náà. Ohùn mi ò dáa, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ń gbọ́. Mi ò yá, mi ò falẹ̀. Títí dé òpin ẹsẹ.

Mo gbé àtàǹpàkò kúrò.

Ó dúró. Ó ń jó, búlúù, láìsí ọwọ́ ẹnikẹ́ni. Ààrò ò kúrò nílé mọ́ nìyẹn. Aago méjì kọjá ìṣẹ́jú mọ́kàndínlógún, mo sì ti borí Folúkẹ́, tó mọ̀ ọ́n, tó sọ ọ́ fún mi kedere lánàá tí mo mú etí kúrò.

Mi ò dìde. Mo fẹ́ máa kọ ọ́ lọ, mo ya ẹnu... kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ẹsẹ kan péré lèmi mọ̀, èyí tí mo gbọ́ láti pálọ̀.