Iṣẹ́ Àṣetiléwá Pásítọ̀

Aṣọ pásítọ̀ wà lórí àga bí ẹni pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ́ dànù nínú wọn. Kóòtù fẹ̀yìn ti àga, ṣòkòtò na ẹsẹ̀ sílẹ̀, bàtà wà lábẹ́ ṣòkòtò, ìbọ̀sẹ̀ wà nínú bàtà. Awò ojú rẹ̀ wà lórí Bíbélì tó ṣí sílẹ̀. Ọmọbìnrin rẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó di ẹsẹ̀ ṣòkòtò náà mú, ó ń sunkún tí ohùn rẹ̀ ti há.

"Kí ló dé? Ta ló nà ọ́?" ìyá rẹ̀ bi í. Ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ rẹ̀ ló ti ń bọ̀, okùn ìwọnṣọ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀.

"Dádì," nìkan ni ọmọ náà lè sọ. "Dádì."

Aránṣọ wo àga náà, àyà rẹ̀ já. Ó gba Jésù gbọ́ tọkàntọkàn, ó sì mọ ohun tí irú aṣọ bẹ́ẹ̀ túmọ̀ sí: Jésù ti dé, ó ti gba ẹni tó ni ín lọ sókè ọ̀run. Ṣùgbọ́n ó tún un wò, ó rí i pé nǹkan kan ò sí níbẹ̀. Fóònù ọkọ rẹ̀ dà? Ọkùnrin tó ń gbé fóònù wọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀! Bàtà ò gòkè ọ̀run, awò ojú ò gòkè ọ̀run, fóònù nìkan ni wọ́n gbà wọlé? Ó fa tirẹ̀ yọ, ó pè é.

Orin ìyìn bẹ̀rẹ̀ sí í dún nínú kọ́bọ́ọ̀dù.

Pásítọ̀ ṣílẹ̀kùn, ó bọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú síngílẹ́ẹ̀tì àti ṣòkòtò péńpé, òógùn bò ó, ó sì ń rẹ́rìn-ín. "O ti ba nǹkan jẹ́! Ó kù díẹ̀ kí n jáde."

"Kí lẹ ń wá nínú kọ́bọ́ọ̀dù?"

"Iṣẹ́ àṣetiléwá ni. Ọ̀jọ̀gbọ́n Ìfihàn ló fún wa."

Ọ̀jọ̀gbọ́n Ìfihàn ni orúkọ tí àwọn pásítọ̀ fún ọkùnrin kan tó ń ti ìlú bọ́ sí ìlú, tó ń kọ́ wọn bí wọ́n ṣe lè lóye àsọtẹ́lẹ̀ ìgbà ìkẹyìn, kí wọ́n sì fi kọ́ ìjọ. Òun fúnra rẹ̀ kò ní ìjọ kankan. Kò bá opó jókòó rí, kò gbàdúrà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn aláìsàn rí. Aṣọ fífẹ̀ kan tí wọ́n ya ẹranko olórí méje sí ló ní, àti ọ̀pá tó fi ń tọ́ka sí orí kọ̀ọ̀kan, àti ẹnu. Ẹnu náà pọ̀. Ó ti sọ fún wọn pé pásítọ̀ tí kò bá dán ilé ara rẹ̀ wò kò lẹ́tọ̀ọ́ láti kọ́ ẹnikẹ́ni. Kí kálukú tẹ́ aṣọ rẹ̀ sílẹ̀ bí ẹni tí a ti gbà sókè, kí ó sá pamọ́, kí ó máa wo ohun tí ará ilé rẹ̀ yóò ṣe. Àgbààgbà ọkùnrin, tí wọ́n ní irùngbọ̀n àti ọmọ, gbọ́ ìsọkúsọ yìí, wọ́n ṣe àmín.

"Láti ìgbà wo lẹ ti wà níbẹ̀?" aránṣọ bèèrè.

"Kí ó tó ti ilé ìwé dé."

"Ẹ sì ń gbọ́ bó ṣe ń sunkún?"

"Gbogbo rẹ̀! Ó jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ṣé o mọ̀ pé òun ló ń jí mílíìkì lá?" Ojú rẹ̀ ń dán bíi ti ẹni tó gba ẹ̀bùn. Aránṣọ wò ó láti òkè délẹ̀.

"Ẹ gbọ́, Pásítọ̀. Jésù ń padà bọ̀, èmi náà gbà. Ṣùgbọ́n Jésù tí mo mọ̀ kì í sá pamọ́ fún ọmọdé."

Pásítọ̀ pòṣé. "Ìwọ ò lọ sí kíláàsì, báwo lo ṣe máa mọ̀?"

Láti ọjọ́ náà, ọmọ ò jẹ́ kí etí aṣọ ìyá rẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ òun mọ́. Tí bàbá rẹ̀ bá wọlé, á gbé oúnjẹ rẹ̀ jáde. Bàbá ní ẹ̀mí ìrònúpìwàdà ló bà lé e. Ó ròyìn rẹ̀ ní kíláàsì, Ọ̀jọ̀gbọ́n sì dìde dì mọ́ ọn. Ó ní kí wọ́n mú ọmọ náà wá jẹ́rìí ní ọjọ́ ìparí. Tí ẹ̀rí náà bá wọni lára, pásítọ̀ ni yóò máa bá òun kiri gẹ́gẹ́ bí olùkọ́.

"Ọmọ mi ò lọ síbẹ̀," ni aránṣọ wí.

"Jọ̀ọ́, ìyàwó mi. Ọdún mélòó ni mo ti ń wàásù nínú yàrá tó ń jò yẹn? Jẹ́ kí ẹnì kan mọ̀ mí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo."

Àánú rẹ̀ fẹ́ ṣe é, inú sì bí i pé àánú rẹ̀ ń ṣe òun. Kí ó tó dáhùn, ọmọ sọ̀rọ̀ lẹ́yìn rẹ̀.

"Màá lọ, Màmá."

Ìyá rẹ̀ yẹ ojú rẹ̀ wò, kò rí ìdí ọ̀rọ̀ náà. Ó ní tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, àwọn jọ ń lọ ni.

Gbọ̀ngàn ilé ìwé kan ni wọ́n ń lò. Ẹranko olórí méje náà wà lára ògiri, ojú rẹ̀ dà bí ojú ewúrẹ́ tí ebi ń pa. Àwọn pásítọ̀ jókòó sórí bẹ́ńṣì àwọn ọmọ ilé ìwé, orúnkún wọn kan àyà, bírò wà lọ́wọ́ wọn. Ọ̀jọ̀gbọ́n gbé ọmọ dúró sórí àga, ó na makirofóònù sí i lẹ́nu.

"Ọmọ Ọlọ́run, nígbà tí o rí aṣọ Dádì, kí lo rò?"

"Mo rò pé Jésù ti mú wọn lọ."

"Ẹ gbọ́! Ẹ̀rù bà ọ́?"

"Ẹ̀rù bà mí. Mo jẹ́wọ́."

"Ògo! Lẹ́yìn náà, o wá ń sunkún títí tí Màmá fi dé."

"Rárá," ọmọ náà wí. "Dádì wúkọ́."

Ọ̀jọ̀gbọ́n fẹ́ gba makirofóònù padà, ṣùgbọ́n ọmọ ti dì í mú.

"Mo gbọ́ ikọ́ wọn nínú kọ́bọ́ọ̀dù. Mo mọ̀ pé wọ́n wà níbẹ̀. Mo wá ń sunkún kí wọ́n lè jáde wá gbé mi. Wọn ò jáde."

Omi bọ́ lójú aránṣọ, kò nù ún. Pásítọ̀ arúgbó kan lẹ́yìn gbé bírò rẹ̀ sílẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n Ìfihàn wo ọmọ náà, ó wo àwọn pásítọ̀, ó sì rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Ẹ̀kọ́ ńlá nìyẹn," ó wí. "Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ̀yin èèyàn Ọlọ́run. Ẹni tó bá máa ṣe é nílé, kó rí i pé òun ò wúkọ́."

Bírò bẹ̀rẹ̀ sí í sáré lórí ìwé. Aránṣọ wo ọkọ rẹ̀ ní ìjókòó iwájú. Ó ti tẹrí ba. Aránṣọ rò pé ìtìjú ni, ó sì fẹ́ dárí jì í níbẹ̀ gan-an, tó bá kàn lè dìde lọ gbé ọmọ rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀. Ìgbà náà ló rí ọwọ́ rẹ̀. Ó ń kọ̀wé.

Aránṣọ lọ síwájú, ó gbé ọmọ sọ̀ kalẹ̀ fúnra rẹ̀, wọ́n sì gba àárín àwọn bẹ́ńṣì jáde. Kò sẹ́ni tó dá wọn dúró.

"Màmá, ṣé ká dúró de Dádì?" ọmọ náà bèèrè lẹ́nu ọ̀nà.

"Rárá. Ilé ẹ̀gbọ́n mi la ń lọ. Tí wọ́n bá fẹ́ rí wa, kí wọ́n máa bọ̀."